Ta Ni Iná Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Yìí Ń Tàn Fún?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ gba ohùn sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba kan n'Íbàdàn. Aago mẹ́jọ alẹ́ ti kọjá kí n tó palẹ̀ mọ́. Kò sẹ́ni tó kù níbẹ̀ àfi èmi àti bàbá ọlọ́dẹ, ṣùgbọ́n iná ọ̀dẹ̀dẹ̀, látìsàlẹ̀ dókè, ń tàn yòò. Mo ní, "Bàbá, ta lẹ ń tanná fún?" Wọ́n ní, "Ọmọ mi, wọn ò fi ibi tí wọ́n ti ń pa á hàn mí."

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní gílóòbù 20 ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ 20 wáàtì. Fún wákàtí 10, yúnítì 4 nìyẹn. Nígbà tí wọ́n gbé owó Band A dé ₦225 fún yúnítì kan lóṣù kẹrin ọdún 2024, ₦900 ni lóru kan, ₦27,000 lóṣù. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan péré o!

Motion sensor lè bá wa pa á. Èyí tó wọ́pọ̀ jù, PIR, kì í ṣe kámẹ́rà, kò ya ẹnikẹ́ni. Ooru ara tó ń rìn kọjá ló ń mọ̀. Bó bá rí i, á tan iná. Bí kò bá rí i mọ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, á pa á.

Ibẹ̀ náà ni wàhálà wà, nítorí kò mọ ẹni tó bá jókòó jẹ́ẹ́. Iná ti kú mọ́ mi nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rí. Ṣe ni mò ń ju ọwọ́ bí ẹni ń dá dáńfó dúró. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Àmọ́ ọ̀rẹ́ mi obìnrin kan sọ̀rọ̀ tó pa ẹ̀rín mọ́ mi lẹ́nu. Ó ní òun ò ní wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ṣókùnkùn lálẹ́ torí wọ́n ní iná á tàn bóun bá débẹ̀. Òun fẹ́ rí ẹni tó wà níbẹ̀ kóun tó wọlé. Ẹni tó bá sì lúgọ jẹ́ẹ́, sensor ò ní rí i. Nítorí náà, fún ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti àtẹ̀gùn, irú èyí tó ń dín iná kù láìpa á pátápátá ni mo fara mọ́. Bí ẹnì kan bá yọ, á mọ́lẹ̀ padà. A ò ní rí gbogbo ₦27,000 yẹn fi pamọ́, kò burú. Yàrá ìkẹ́rùsí ni kó máa pa tán. Wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn ńkọ́? Rárá o, ọwọ́ nọ́ọ̀sì ni kó wà.

Mo ṣèlérí fún bàbá ọlọ́dẹ pé màá bá wọn béèrè ibi tí suwíìṣì wà. Mo ti béèrè. Inú ọ́fíìsì kan tí wọ́n máa ń tì láago mẹ́rin ni.