Rírí Láìpa: Ohun tí Mo Rí Lábẹ́ Omi ní Studland



Àwọn baba wa ní ẹni tí ó bá fi sùúrù pa èèrà ni yóò rí ìfun inú rẹ̀. Ìbéèrè tí mo gbé wá síwájú yín ni èyí: ǹjẹ́ a lè rí ìfun èèrà kí èèrà má kú?

Ní àkókò ooru kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èmi àti ẹnì kejì mi pọn àgbá afẹ́fẹ́ sẹ́yìn, a sì fi ẹsẹ̀ rìn wọ inú òkun ní Studland, ní agbègbè Dorset. Ibẹ̀ kò jìn. Koríko òkun ni ó bo ilẹ̀ rẹ̀, ewéko tòótọ́ tí ó ní gbòǹgbò, tí ó sì ń tanná. A ti wẹ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú kí n tó ṣàkíyèsí pé ewé kan ní ojú.

Ẹja ni. Orí rẹ̀ dà bí ti ẹṣin. Ìrù rẹ̀ lọ́ mọ́ koríko bí ìtàkùn. Ikùn rẹ̀ wú, mo sì mọ̀ pé akọ ni, nítorí abo irú ẹja yìí a máa kó ẹyin sínú àpò tí ó wà níkùn akọ. Baba ni yóò sì rù wọ́n títí wọn yóò fi di ọmọ. Inú mi dùn, mo sún mọ́ ọn. Ó kẹ̀yìn sí mi. Mo tún sún mọ́ ọn. Ìrù rẹ̀ tú kúrò lára koríko, ó sì ń gbọn lẹbẹ rẹ̀ kíkankíkan lọ. Ìtìjú bá mi.

Ẹja yìí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ dáadáa. Ìrù rẹ̀ ni ìdákọ̀ró rẹ̀. Kò ní àpòlúkù, nítorí náà kò gbọdọ̀ yé jẹun. Oúnjẹ ni ó pàdánù nígbà tí ó ń sá fún mi. Láti ọdún 2008 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti dáàbò bò ó, pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ lẹ́nu. Ní 2019, wọ́n sọ Studland pàápàá di ibi ààbò, nítorí ìdákọ̀ró ọkọ̀ a máa fa koríko ibẹ̀ tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdákọ̀ró nìkan ní í ṣe ibi. Ojú tí kò mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó yí padà ń ṣe é pẹ̀lú.

Ìdáhùn mi, nígbà náà, ni pé ó ṣeé ṣe, bí ẹni tí ń wò bá gbà láti má wò tán. Mo yí padà sí etíkun láìya àwòrán kankan. Ìròyìn tí mo ṣe fún yín yìí ni gbogbo ohun tí mo mú bọ̀.