Ògiri Tó Lanu

Àwọn àgbà ní, bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ lílà ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí, ti ilẹ̀ àti ti ògiri.

Àpáta ń bẹ nísàlẹ̀ ilẹ̀ tí à ń tẹ̀ yìí. Àwọn ibì kan wà tí àpáta náà ti là láti ìgbà láéláé, tí apá kan sì yẹ̀ kúrò lára èkejì. Ọ̀kan ńlá wà ní orílẹ̀-èdè wa: ó gba Ifẹ̀wàrà, nítòsí Ilé-Ifẹ̀, ó sì lọ títí dé apá Zungeru ní ìpínlẹ̀ Niger. Èèyàn lè rìn kọjá lórí rẹ̀ kó má mọ̀.

Bí apá méjì àpáta bá ń ti ara wọn, tí wọ́n sì há mọ́ra, a ò ní rí nǹkan kan lókè. Ṣùgbọ́n agbára ń kó jọ nísàlẹ̀. Ọjọ́ tó bá kọjá ohun tí àpáta lè gbà mọ́ra, wọ́n á yẹ̀ lójijì, ilẹ̀ á sì mì. Ilẹ̀ mì ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 28 July 1984. Ti Accra, ní 22 June 1939, le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó wó ilé, ó sì pa èèyàn.

Ẹ má fòyà. Kì í ṣe irú èyí ló sábà máa ń la ògiri ilé wa l'Ékòó. Ìpìlẹ̀ tí kò jinlẹ̀, ilẹ̀ rírọ̀, sìmẹ́ǹtì tí kò tó, àti pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí a gbé lé ìpìlẹ̀ tí kò lè rù ú, àwọn ni. Bí ògiri bá là, tó ń fẹ̀ sí i, tí ilẹ̀kùn ò sì pa dé mọ́, ẹ má kàn rẹ́ ẹ. Ẹ pe ẹnjiníà.

Ta ló máa ń kọ́kọ́ rí i? Ayálégbé ni. Bó bá sọ ọ́, onílé lè ní, "Àbí o ò fẹ́ sanwó ilé ni?" Ayálégbé á ní, "Ẹ má bínú, Bàbá," á sì panu mọ́. Lílà kejì nìyẹn, láàárín èèyàn sí èèyàn. Òun ló ń bo ti ògiri mọ́lẹ̀.

Ní 13 March 2019, ilé kan tí ilé-ìwé wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta-Fájì, l'Ékòó. Ọmọdé wà lára àwọn tó kú. Àwọn aláṣẹ ní àwọn ti sàmì sí ilé náà tẹ́lẹ̀ pé wíwó ló yẹ kí a wó o. Síbẹ̀, èèyàn ṣì wà nínú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin onílé, bí ayálégbé bá ní ògiri là, ẹ bá a lọ wò ó. Ẹ̀yin ayálégbé, ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́. Bí wọn ò bá gbọ́, ẹ kọ̀wé sí LASBCA, ilé iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó tó ń bójú tó ilé kíkọ́. A ti mọ̀wé kọ báyìí; ẹ jẹ́ kó wúlò fún wa. Kò sẹ́ni tó lè rẹ́ ti Ifẹ̀wàrà, ṣùgbọ́n ti ilé wa, ọwọ́ wa ló wà.