Olùkọ́ tí A Kò Yàn: Igbó àti Ìgbà gẹ́gẹ́ bí Atọ́nà Ọkàn ní Ilẹ̀ Ìkálẹ̀



Kókó ọ̀rọ̀ mi lónìí kò ṣòro láti sọ. Ohun tí mo fẹ́ fi yé wa ni pé nínú àṣà wa, òjò, igi àti ẹyẹ kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ tí akéwì fi ń mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn. Olùkọ́ ni wọ́n. Òwe, oríkì, ìjálá àti ẹsẹ Ifá jẹ́ ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn gbọ́ lẹ́nu wọn, tí wọ́n sì fi pamọ́ fún wa. Bí a bá pa olùkọ́, tí a wá di ọ̀rọ̀ rẹ̀ mú, ọ̀rọ̀ náà kò ní pẹ́ di òfìfo. Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ tí a bí mi sí ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí á mú èrò méjì kúrò lọ́nà. Èrò kìíní ni ti àwọn tí wọ́n sọ pé àìmọ̀kan ni ó mú kí àwọn baba wa máa bọ̀wọ̀ fún igi àti odò. Èrò kejì ni ti àwọn ọ̀mọ̀wé tí wọ́n ka igbó sí ibi ìsinmi fún ọkàn tí wàhálà ìlú ti dá lágara. Henry David Thoreau, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, lọ kọ́ ahéré kan sí ẹ̀bá adágún omi Walden ní ọdún 1845. Ó gbé ibẹ̀ fún ọdún méjì àti oṣù méjì, ìwé tí ó kọ nípa rẹ̀ sì jáde ní 1854. Ìwé tí ó níye lórí ni. Ṣùgbọ́n Thoreau yan olùkọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó wù ú ni ó fi lọ, nígbà tí ó sì tó o, ó padà sí ìlú. Àgbẹ̀ Ìkálẹ̀ kò yan òjò. Ibi tí ó ti ń jẹun ni ó ti ń kẹ́kọ̀ọ́, bí kò bá sì mọ ẹ̀kọ́ náà, ebi ni yóò sọ fún un.

1. Òjò

Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ wà láàárín Oǹdó ní àríwá àti Ìlàjẹ tí ó wà létí òkun ní gúúsù. Orúkọ Òkìtìpupa pàápàá ń sọ nípa ilẹ̀ tí a tẹ̀ ẹ́ dó sí: òkìtì tí ó pupa. Afẹ́fẹ́ méjì ni ó ń du ojú ọ̀run wa lọ́dọọdún. Ọ̀kan ń ti orí òkun Àtìláńtíìkì wá, ó ru omi. Èkejì ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá, ó mú ọyẹ́ lọ́wọ́. Bí ti òkun bá borí, láti nǹkan bí oṣù kẹta títí di oṣù kẹwàá, ìgbà òjò ni a wà. Bí ti aṣálẹ̀ bá borí, ẹ̀ẹ̀rùn dé. Láàárín ìgbà òjò pàápàá, òjò a máa sinmi díẹ̀ ní oṣù kẹjọ kí àrọ̀kúrò tó bẹ̀rẹ̀.

Nínú gbogbo ètò yìí, àkọ́rọ̀ ni ó ni ẹ̀kọ́ tí ó jinlẹ̀ jù. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan tí ilẹ̀ ti gbẹ, òjò àkọ́kọ́ á rọ̀, òórùn erùpẹ̀ á gba gbogbo àdúgbò, inú tọmọdé tàgbà á dùn. Ọ̀dọ́ àgbẹ̀ á sáré gbin àgbàdo. Àgbà á ṣì máa wo ojú ọ̀run. Nígbà mìíràn, ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta á kọjá láìsí ẹ̀kán omi mìíràn, àgbàdo tí ó ti hù á sì rọ. Àgbà mọ̀ pé àkọ́rọ̀ kì í ṣe ìlérí, àmì lásán ni. Kì í ṣe pé àgbà náà kò ní ìrètí: ó ti ro oko rẹ̀, irúgbìn rẹ̀ wà ní àjà lókè iná. Ohun tí ó kọ̀ láti ṣe ni kí ó fi irúgbìn ọdún kan ṣe ayọ̀ ọjọ́ kan. Àwọn onísìn gbogbo ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti sọ nípa ìdúródè. N kò rò pé mo ti rí ibi tí a ti ṣàlàyé rẹ̀ kedere tó báyìí.

Òwe wa kan sọ pé òjò kò bá ẹnì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni tí eji bá rí ni eji ń pa. Ìkìlọ̀ ni a sábà máa ń fi òwe yìí ṣe. Ṣùgbọ́n bí a bá fi etí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ ọ, a ó rí i pé ó ń sọ irú olùkọ́ tí òjò jẹ́: olùkọ́ tí kò ní ààyò, tí kò gba rìbá, tí kì í sì í bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè ọmọ ẹni tí ó jẹ́.

2. Ọ̀pẹ

Kò sí ẹni tí yóò sọ ìwúlò ọ̀pẹ fún ará Ìkálẹ̀. A mọ epo, a mọ àdín, a mọ ẹmu, ìgbálẹ̀ àti màrìwò. Àwọn babaláwo mọ ikin mẹ́rìndínlógún tí wọ́n fi ń dífá. Oko ọ̀pẹ ńláńlá wà ní Òkìtìpupa, ilé-iṣẹ́ ìfúnpo sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ohun méjì tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì rí lára igi yìí ni mo fẹ́ mẹ́nu bà, nítorí pé wọ́n bá ìrònú àwọn àgbà wa mu.

Èkíní ni pé ọ̀pẹ kan náà ni ó ń yọ òdòdó akọ tí ó sì ń yọ òdòdó abo, kálukú ní ìgbà tirẹ̀. Abo nìkan ni ó ń di ìdì ẹyìn. Bí ọ̀dá bá mú igi náà, òdòdó akọ ni yóò máa yọ jù. Bẹ́ẹ̀, nínú ọkàn igi ni a ti ń pinnu akọ tàbí abo, ní nǹkan bí ọdún méjì kí òdòdó náà tó yọ síta. Nítorí náà, ìyà tí ọ̀pẹ jẹ lọ́dún yìí lè má hàn títí di ọdún méjì sí i. Ẹni tí ó bá rí ọ̀pẹ tí kò so dáadáa ní ọdún tí òjò pọ̀, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú u, kò mọ ohun tí igi náà ti là kọjá. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin aṣáájú ìjọ, mélòó nínú àwọn tí a ti pè ní ọ̀lẹ ni ó jẹ́ pé ọ̀dá àtijọ́ ni ó ń bá wọn fínra?

Èkejì ni ti ẹni tí ń mú kí ọ̀pẹ so. Fún ìgbà pípẹ́, ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé afẹ́fẹ́ ni ó ń gbé ìyẹ̀fun akọ lọ bá abo. Nígbà tí wọ́n gbin ọ̀pẹ, igi ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, sí Màléṣíà, kò so bí ó ti yẹ, ọwọ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ fi ń gbé ìyẹ̀fun náà láti òdòdó dé òdòdó. R. A. Syed ni ó ṣe ìwádìí ní Kamẹrúùnù ní àwọn ọdún 1970 sí 1980, ó sì fi hàn pé kòkòrò kan tí kò tó hóró ìrẹsì, tí ń gbé nínú òdòdó akọ, ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ní 1981 ni wọ́n kó kòkòrò yìí lọ sí Màléṣíà, iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀hún sì dópin. Gbogbo ọrọ̀ tí epo mú wá sí ilẹ̀ wa, òṣìṣẹ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò kí ni ó wà nídìí rẹ̀.

3. Gbágùúdá

Olùkọ́ kẹta tí mo fẹ́ dárúkọ kì í ṣe ọmọ onílẹ̀. Gúúsù Amẹ́ríkà ni gbágùúdá ti wá. Àwọn Potogí ni ó gbé e dé etíkun Áfíríkà ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Kì í ṣe àlejò tí ó rọrùn láti gbà, nítorí pé májèlé wà nínú rẹ̀, pàápàá jù lọ nínú èyí tí ó korò. Àwọn obìnrin Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ ni ó kọ́ bí a ti ń bá a gbé, ohun tí wọ́n sì rí kọ́ ni púpurù.

Ẹ jẹ́ kí á wo ètò rẹ̀. Wọ́n á bó gbágùúdá, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi rọ̀. Wọ́n á fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n á yọ okùn inú rẹ̀, wọ́n á ṣù ú roboto, wọ́n á sì tò ó sórí àjà lókè iná. Ní ilẹ̀ tí òjò ti pọ̀ bí tiwa, oòrùn kì í ṣe ẹni tí a lè gbẹ́kẹ̀ lé láti gbẹ ohunkóhun. Èéfín ni ó ń gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Nígbà tí a bá fẹ́ jẹ ẹ́, a ó ha èèpo dúdú tí èéfín fi sí i lára, a ó gún un, a ó jọ̀ ọ́, a ó rò ó nínú omi gbígbóná.

Mo mọ̀ pé oúnjẹ ni mo ń sọ. Ṣùgbọ́n ìgbà òjò kò jẹ́ kí àwọn obìnrin wọ̀nyí yan ọ̀nà tí ó yá. Wọn kò lé àlejò náà lọ nítorí ìkorò rẹ̀, wọn kò sì díbọ́n pé kò korò. Wọ́n fún un ní omi, àkókò àti iná. Ìdílé tí ó ní ìjà àtijọ́ nínú, ìlú tí ó ní ìtàn ìkórìíra, wọ́n lè rí i kọ́ níbẹ̀ pé ohun tí ó korò lè di oúnjẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní ọjọ́ kan.

4. Àwọn Ẹyẹ

Bí a bá ń wúre fún ọmọ wa, a kì í ṣàì dárúkọ agbe, àlùkò àti lékeléke. A fi aró mọ agbe, a fi osùn mọ àlùkò, a fi ẹfun mọ lékeléke. Ohun tí ìwúre náà ń sọ ni pé kò sí èyí tí ó yá àwọ̀ nínú wọn: oore tí Ẹlẹ́dàá fi sí wọn lára ni wọ́n ń gbé kiri. Mo máa ń béèrè lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé ta ni ó ti fojú ara rẹ̀ rí agbe rí. Gbogbo wọn ni ó mọ ìwúre náà. Ọwọ́ tí ó ń nà sókè kì í pọ̀. Lékeléke ṣì ń bá màlúù rìn ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n orí igi gíga ni agbe ń gbé, igi gíga kò sì pọ̀ mọ́. Ti odídẹ tilẹ̀ burú ju èyí lọ. Ìyẹ́ ìdí rẹ̀ pupa ni ikóodẹ tí a ń lò nínú oyè àti nínú ètùtù. Ṣùgbọ́n gígé igbó àti mímú un tà ti dín in kù tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn orílẹ̀-èdè fi pinnu, ní ìpàdé kan tí wọ́n ṣe ní Johannesburg ní 2016, pé kí òwò odídẹ inú igbó láàárín orílẹ̀-èdè dópin.

Òdodo kan wà tí a kò gbọdọ̀ fi pamọ́. Nígbà mìíràn, àwa ni a ń fi ọ̀rọ̀ sí olùkọ́ lẹ́nu. A pe òwìwí ní ẹyẹ àjẹ́, a sì ń pa á, bẹ́ẹ̀ eku tí ń jẹ irè oko wa ni ó ń fi òru dọdẹ. Òwìwí ń ṣọ́ oko fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀rù wa ni kò jẹ́ kí a gbọ́ ohun tí ó ń sọ. Akẹ́kọ̀ọ́ rere a máa yẹ ìmọ̀ rẹ̀ wò lójú olùkọ́. Ìyẹn náà kò ṣeé ṣe bí olùkọ́ kò bá sí láàyè.

5. Ohun tí Ó Wà nínú Ewu

Wangari Maathai, ọmọ Kẹ́ńyà, sọ ìtàn igi ọ̀pọ̀tọ́ kan tí ó wà nítòsí ilé wọn. Ìyá rẹ̀ kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ ṣẹ́ igi ìdáná lára rẹ̀, nítorí pé igi Ọlọ́run ni. Odò kékeré kan ń sun nítòsí rẹ̀. Lẹ́yìn tí ó ti lọ kàwé ní òkè òkun tí ó sì padà, wọ́n ti gé igi náà, odò sì ti gbẹ. Ìgbà náà ni ó tó mọ̀ pé ìmọ̀ nípa omi àti ilẹ̀ ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ ìyá òun. Ní 1977 ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí ó ń gbin igi. Ní 2004 a fún un ní ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà.

Àwa náà ní igi ọ̀pọ̀tọ́ tiwa. Igbó ọba Olúwa wà ní àríwá wa, ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi díẹ̀ tí ìnàkí ṣì kù sí ní ilẹ̀ Yorùbá. Agégẹdú ń wọ̀ ọ́, àwọn tí ń wá ilẹ̀ fún kòkó àti àwọn oko mìíràn náà ń wọ̀ ọ́. N kò dá ẹni tí ń wá oúnjẹ ọmọ rẹ̀ lẹ́bi. Ohun tí mo ń sọ fún àwa onílítíréṣọ̀ ni pé apá kan ilé-ìkàwé wa ni ó ń jóná yìí. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.

Nítorí náà, àbá méjì ni mo mú wá síwájú yín. Kìíní, kí akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò gba oyè nínú lítíréṣọ̀ alohùn lo ìgbà òjò kan àti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan lọ́dọ̀ àgbẹ̀, ọdẹ tàbí eléwé-ọmọ, kí ó sì fojú rí ohun tí òwe rẹ̀ ń dárúkọ. Kí á san owó fún àgbà náà, kí á sì kọ orúkọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́. Èkejì, kí àwọn ìlú wa ya igbó kékeré kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní gé, kí ilé-ẹ̀kọ́ àdúgbò sì máa mú àwọn ọmọ lọ síbẹ̀ ní ìgbà méjèèjì nínú ọdún.

Àkọ́rọ̀ ọdún tí ń bọ̀ yóò rọ̀. Ìbéèrè tí mo fi sílẹ̀ fún wa ni bóyá ẹnì kan yóò ṣì wà láàárín wa tí ó mọ̀ pé kò yẹ kí a tíì gbin àgbàdo.