Ẹ̀rọ Tí Ń Tẹ Ohun Gidi Jáde
Ẹ̀rọ tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í tẹ ọ̀rọ̀ sórí ìwé, bí kò ṣe pé ó máa ń yọ́ okùn ike tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń tò ó léra ní ìpele-ìpele, bí àwòrán inú kọ̀ǹpútà ti là á sílẹ̀, títí ohun tó ṣeé dì mú yóò fi jáde, ìbáà ṣe jíà ẹ̀rọ tó kán, ìbáà ṣe ọwọ́ àtọwọ́dá fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ gé. Ọgbọ́n kò pin síbì kan: ní ọdún 2013, ní WoeLab, ibùdó ìmọ̀ ẹ̀rọ kan ní ìlú Lomé ní Tógò, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Afate Gnikou fi àlòkù kọ̀ǹpútà tí a ti dà nù ṣe irú ẹ̀rọ yìí. Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ yìí.