Ìdí Tí Ilẹ̀kùn Gbọ̀ngàn Ìlú Wa Fi Lọ́
(Ọ̀rọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Ilé Kíkọ́ sọ níbi ìpàdé ọdọọdún)



Ẹ rán wa níṣẹ́ pé kí a wádìí ohun tí ó mú kí àwọn ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn wa, tí owó yín ṣe, lọ́ kí wọ́n sì là lẹ́yìn ọyẹ́ kan ṣoṣo. Ìrókò ni igi náà. Kò sí ẹni tí ó rẹ́ wa jẹ ní ti èyí. Gbígbẹ rẹ̀ ni kò pé.

Inú yàrá oníná ni wọ́n ti gbẹ pákó náà ní ibi tí wọ́n ti là á. A fọwọ́ kàn án, ó gbẹ. A sì sanwó. Òde ara rẹ̀ nìkan ni ó gbẹ.

Ọ̀nà méjì ni omi inú igi. Èkíní wà nínú àwọn ihò tín-ín-tìn-ìn-tín ara rẹ̀. Èyí a máa jáde láìjẹ́ pé igi súnkì. Èkejì wọ inú ògiri àwọn ihò náà gan-an. Nígbà tí omi bá dín sí nǹkan bí 30 nínú 100 ìwọ̀n igi gbígbẹ ni èyí ń bẹ̀rẹ̀ sí jáde, tí pákó a sì máa súnkì. Nítorí náà, ó yẹ kí ooru yàrá kọ́kọ́ rọra, kí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì ní ọ̀rinrin, kí òde má baà sáré gbẹ ṣáájú inú. Bí iná bá pọ̀ jù ní ìbẹ̀rẹ̀, òde a fẹ́ súnkì, inú tí ó ṣì tutù kò sì ní gbà fún un. Yóò là, tàbí kí ó le gan-an bí ó ti nà. Nígbà tí inú bá wá gbẹ, òun náà lè là níbi tí ojú kò tó. Ní ìgbẹ̀yìn, ó yẹ kí wọ́n fi ooru omi gbígbóná rọ òde rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí wọn kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, pákó a máa di ayùn mú bí káfíńtà bá ń là á. Káfíńtà wa sọ fún wa pé igi yìí ń di ayùn mú. A ní kí ó máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

A kò lè di gbogbo ẹ̀bi ru àwọn tí ó la igi. Àwa ni a ń kán wọn lójú pé ọjọ́ ìṣílé kù sí dẹ̀dẹ̀. Igi kò sì rí bákan náà: arère kò fẹ́ ìdúró, nítorí èbu a máa sọ ọ́ di aláwọ̀ aró, ọ̀pẹ̀pẹ̀ ní tirẹ̀ kò fẹ́ ìkánjú.

Òṣùwọ̀n ni kì í purọ́. Ẹ gé ègé kan ní àárín pákó, kì í ṣe ní orí rẹ̀ tí ó máa ń tètè gbẹ. Ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ fi sínú ààrò tí ooru rẹ̀ jẹ́ 103 ní òṣùwọ̀n Celsius, títí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi ní dín mọ́, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Bí 120 gíráàmù bá di 100, omi rẹ̀ jẹ́ 20 nínú 100. Ní agbègbè wa, nǹkan bí 12 sí 15 ni ó yẹ fún ilẹ̀kùn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó gbọ́dọ̀ kéré sí i, nítorí iná tí ń mú ilé gbóná nígbà òtútù. Ẹ̀yin tí ẹ gbé àpótí láti ilé lọ síbẹ̀, tí ó là, ẹ mọ̀ ọ́n.

Owó pẹpẹ ìwé fún yàrá ìkàwé wà lọ́wọ́ wa. A ń tọrọ àṣẹ yín pé kí a má ra pákó kankan títí a ó fi gé ègé mẹ́ta wọ̀n níwájú ẹni tí ń tà á, bí ṣíṣí yàrá náà tilẹ̀ máa fi oṣù díẹ̀ falẹ̀. Àwọn ilẹ̀kùn tí ó lọ́, a ó yọ wọ́n kí a tún wọn fá. Àwọn tí ó là kò ṣe é tún ṣe mọ́.