Òdìkejì Kì í Ṣe Ọ̀tá

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a ó jọ yẹ̀ wò lónìí. Àwọn oníròyìn máa ń pè é ní èdè Faransé: opposition. Bí ẹ bá béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ ní ọjà Dantokpa, ẹnìkan lè dáhùn pé, "Ọ̀tá ìjọba ni."

Ìtumọ̀ yẹn lè ba ilé jẹ́. Ká sọ pé ìyá méjì ń ta aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọ̀kan dìbò fún ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìjọba, èkejì dìbò fún ẹgbẹ́ tó takò ó. Láti ọjọ́ náà, wọn kò kí ara wọn mọ́. Bí oníbàárà bá béèrè aṣọ tí kò sí lọ́wọ́ ọ̀kan, kò ní júwe ìsọ̀ èkejì fún un. Ta ló pàdánù? Àwọn méjèèjì ni.

Ẹ jẹ́ kí a wá gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Látìn, èdè àwọn ará Róòmù àtijọ́, ni Faransé ti mú un. Ob ni "iwájú". Ponere ni "gbé kalẹ̀". Ohun tí a gbé kalẹ̀ kó kojú sí òmíràn ni. Kò sí ìjà níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ náà ń lò ó: nígbà tí oòrùn bá wà ní apá kan ayé wa, tí òṣùpá wà ní apá kejì, wọ́n á ní òṣùpá wà ní opposition. Ìgbà náà gan-an ni òṣùpá ń kún, tí a sì ń fi ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ rí ọ̀nà lóru.

Ẹ tún wo Dantokpa fúnra rẹ̀. Ní èdè Fọ̀n, tokpa ni etí omi. Ẹ dúró sí etí ọ̀sà níbẹ̀, ẹ wo iwájú: Akpakpa ni ẹ ó rí ní òdìkejì. Ṣé ọ̀tá ni wọ́n? Rárá o. Etí méjèèjì ló ń dá omi dúró kó má bo ilé. Lórí wọn náà ni afárá dúró lé.

Ẹ wá fi ojú sí àmì ohùn. Òdì, pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀ méjì, ni ẹ̀yìn nǹkan. A lè wọ aṣọ lódì. Odì, tí kò ní àmì lórí o, ni ohun tí àwọn tí kò kí ara wọn ń yàn. Àmì kékeré kan ló pín wọn níyà! Alátakò lè wà ní òdìkejì láì bá ẹnikẹ́ni yan odì.

Orílẹ̀-èdè Benin mọ ohun tí èyí jẹ́. Láti ọdún 1975, ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo, PRPB, ni ìjọba gbà láyè. Nígbà tí ìyà pọ̀, àwọn aṣojú ìlú péjọ ní Cotonou ní oṣù kejì ọdún 1990, Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Isidore de Souza sì darí ìpàdé náà. Òfin ìpìlẹ̀ oṣù kejìlá ọdún náà fàyè gba ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́. Ní 1991, Nicéphore Soglo borí Ààrẹ Kérékou nínú ìdìbò. Ní 1996, Kérékou borí Soglo, ó sì padà dé. Ẹni tó wà ní òdìkejì lánàá ló wà lórí àga lónìí.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, kò sí ẹgbẹ́ alátakò kankan nínú ìdìbò ilé aṣòfin. Ẹgbẹ́ méjì tó wà lẹ́yìn Ààrẹ ló pín gbogbo ìjókòó 83. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Cotonou, ẹ̀mí sì ṣòfò. Bí a bá dí ẹnu òdìkejì, ohùn rẹ̀ á gba ojú pópó jáde.

Àwọn àgbà ní, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Wọ́n tún ní, ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ìyá aláṣọ, ẹ kí ẹnìkejì yín láàárọ̀ ọ̀la.

Ẹ mú gègé yín. Ẹ kọ òdì, odì, òdìkejì, alátakò. Ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe gbólóhùn kan, kí ẹ sì kà á sí etí ará ilé yín. Ó dìgbà.