TA NI Ń FÚN Ẹ́ŃJÌNNÌ NÍ Ọ́ÌLÌ?

Láti Warri sí Burutu, ojú omi ni ọ̀nà. Ọkọ̀ ọlọ́ẹ́ńjìnnì ni ó ń gbé oníṣòwò lọ sí ọjà, òun kan náà ni ó sì ń gbé aboyún tí ń rọbí dé ọ̀dọ̀ agbẹ̀bí. Bí mọ́tò bá kú lójú títì, awakọ̀ a tì í sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnnì bá kú láàárín odò, kò sí ẹ̀gbẹ́ tí a ó tì í sí. Nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí gbogbo ẹni tí ń ra ẹ́ńjìnnì àlòkù kíyè sí ọ̀ràn ọ́ìlì.

Ẹ́ńjìnnì two-stroke kì í tọ́jú ọ́ìlì sínú ara rẹ̀ bí ti mọ́tò. Ọ́ìlì àti pẹtiróòlù ni ó jọ ń dé ibi tí irin ti ń fara ra irin. Láyé àtijọ́, atukọ̀ ni ó ń po méjèèjì pọ̀. Ní ọdún 1984, ilé iṣẹ́ OMC ti Amẹ́ríkà, tí ń ṣe Johnson àti Evinrude nígbà náà, gbé pọ́m̀pù kan jáde tí ń wọn ọ́ìlì fúnra rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn náà ṣe irú tiwọn, ó sì dẹ iṣẹ́ atukọ̀ lára.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó bá pẹ́ a máa gbó. Rọ́bà tí ọ́ìlì ń gbà kọjá lè sán, afẹ́fẹ́ tàbí omi lè wọ inú rẹ̀, wáyà fèrè ìkìlọ̀ sì lè já. Nítorí èyí, àwọn kan tí wọ́n kọ́kọ́ ni irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ti yọ pọ́m̀pù náà kúrò lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì padà sí fífi ọwọ́ po ọ́ìlì. Èyí kò burú. Ewu tí ó wà níbẹ̀ ni pé, nígbà tí wọ́n bá ta ẹ́ńjìnnì náà, agolo ọ́ìlì lè ṣì wà ní ipò rẹ̀. Ẹni tí ó rà á yóò rí ọ́ìlì nínú agolo, yóò gbẹ́kẹ̀ lé e, yóò sì fi pẹtiróòlù lásán wa ọkọ̀. Kò ní pẹ́ tí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná, tí yóò sì nọ́ọ̀kì.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò le. Kí olùrà bu ìdajì lítà ọ́ìlì sí kẹ́ẹ̀gì pẹtiróòlù onílítà 25. Èyí ni ìwọ̀n 50 sí 1 tí ọ̀pọ̀ irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ń lò. Ọ́ìlì tí a kọ TC-W3 sí lára ni kí ó jẹ́, kì í ṣe ti mọ́tò. Lẹ́yìn náà, kí ó fi àmì sí ibi tí ọ́ìlì dé nínú agolo, kí ó sì wa ọkọ̀ náà nítòsí èbúté títí pẹtiróòlù yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Bí ọ́ìlì inú agolo kò bá dín, pọ́m̀pù kò ṣiṣẹ́. Kí ó máa fi ọwọ́ po ó títí mẹkáníìkì yóò fi tún un ṣe. Kò sí ìtìjú níbẹ̀: ní Ghana, pẹtiróòlù tí a ti po mọ́ ọ́ìlì ni àwọn apẹja ń rà létí òkun.

Ẹni tí ó bá sì yọ pọ́m̀pù kúrò, kí ó fi ọ̀dà kọ ọ́ sí ara ẹ́ńjìnnì, nítorí ẹni tí yóò lò ó lẹ́yìn rẹ̀. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. A lè ra ẹ́ńjìnnì mìíràn, ṣùgbọ́n a kò lè ra ẹ̀mí.